Ta ló gbẹ́ Eredo, ìgbà wo ni wọ́n sì gbẹ́ ẹ?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìyá wa àgbà sọ fún wa láti kékeré pé Bílíkísù Sùngbọ́ ló gbẹ́ Eredo, yàrà ńlá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú yẹn, pé òun náà ni Ọbabìnrin Ṣébà tó lọ sọ́dọ̀ Sólómọ́nì. Ọmọ àbúrò mi tó wà ní yunifásítì ní kò lè rí bẹ́ẹ̀, pé àwọn tó ń walẹ̀ ti mọ ọdún tí wọ́n gbẹ́ ẹ. Báwo lèèyàn ṣe ń mọ ọjọ́ orí yàrà? Ó tún ṣa àpáàdì kún inú ọ̀rá níbẹ̀, ṣé kò burú? (Ìyá oníṣòwò kan, Ìjẹ̀bú-Òde)

ÌDÁHÙN: Ẹ ṣé gan-an mà. Ọmọ yẹn ò parọ́ lórí ọdún, àpáàdì tó ṣà yẹn ló ń dùn mí, màá débẹ̀.

Eredo gùn ju 160 kìlómítà lọ, ó yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú àtijọ́ ká, ibòmíì wà tó jẹ́ pé láti ìsàlẹ̀ yàrà dé orí òkìtì á tó mítà 20, ògiri amọ̀ pupa ẹ̀ sì ń dán, ọwọ́ ni wọ́n fi gbẹ́ gbogbo ẹ̀, kò sí katapílà o!

Ṣé ẹ rí i, nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, apá inú ni wọ́n ń da iyẹ̀pẹ̀ sí, òun ló di òkìtì, ó wá bo ilẹ̀ tí wọ́n ń rìn lórí ẹ̀ tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀. Táwọn awalẹ̀pìtàn bá gé òkìtì yẹn wálẹ̀ bí ẹni gé búrẹ́dì, wọ́n á rí ìlà dúdú kan lábẹ́ amọ̀ pupa, ilẹ̀ àtijọ́ nìyẹn, èédú sì máa ń wà níbẹ̀. Igi tó wà láàyè ń gba kábọ́ọ̀nù 14, oríṣi kábọ́ọ̀nù kan tó máa ń dínkù fúnra ẹ̀, látinú afẹ́fẹ́, ọjọ́ tó bá ti kú kò gbà á mọ́, èyí tó wà lára ẹ̀ á máa dínkù, ìdajì ẹ̀ á ti lọ ní nǹkan bí 5,730 ọdún, èyí tó bá kù nínú èédú ni wọ́n ń wọ̀n. Èédú abẹ́ òkìtì ti wà kí òkìtì tó wà, èyí tó já sínú yàrà lẹ́yìn ìgbà tí wọ́n gbẹ́ ẹ tán ò dàgbà tó o, àárín méjèèjì la ti ń wá ọdún.

Iṣẹ́ àwọn awalẹ̀pìtàn Gérard Chouin àti Olanrewaju Lasisi gbé e sí àárín 1370 sí 1420. Ó sì bára mu, torí Duarte Pacheco Pereira, ará Pọtogí, kọ ọ́ ní nǹkan bí 1505 sí 1508 pé ìlú ńlá kan wà tó ń jẹ́ Geebuu, yàrà ńlá ló yí i ká. Ayé Sólómọ́nì ti ń lọ sí 3,000 ọdún, kò lè pàdé èyí láéláé.

Ṣùgbọ́n kí ọmọ yẹn má fojú di ìyá àgbà o. Wọ́n tún ń sọ ọ́ nílẹ̀ wa pé olówó obìnrin kan tí ò bímọ ni Sùngbọ́, òun ló ní kí wọ́n gbẹ́ ẹ kí orúkọ òun má baà parẹ́, èédú ò sì lè sọ orúkọ ẹnikẹ́ni. Àwọn tó ń lọ sí ibojì ẹ̀ l'Òkè-Ẹ̀rì, kí wọ́n máa lọ jàre.

Ọ̀rọ̀ àpáàdì wá kù. Ibi tó wà nínú ilẹ̀ ló ń sọ̀rọ̀, abẹ́ òkìtì ni àbí inú yàrà, tó bá ti dénú ọ̀rá, ó ti yadi. Òfin Nàìjíríà náà ò gbà kéèyàn máa walẹ̀ wá ohun àtijọ́ láìgba ìwé àṣẹ. Kó má lọ dà á padà síbi tó bá ṣáà ti rí o, ìyẹn á tún ṣi ẹlòmíì lọ́nà. Kó kọ ibi tó ti ṣà á sílẹ̀, kó ya fọ́tò ibẹ̀, kó kó o lọ fún àjọ tó ń rí sí mùsíọ́ọ̀mù, Yunifásítì Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tó ń kọ́ni níwalẹ̀pìtàn. Tẹ́ ẹ bá sì rí típà tó ń kó amọ̀ pupa lára òkìtì yẹn, ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ tètè fi tó baálẹ̀ létí lọ́jọ́ náà gan-an.