Kí ẹ tó fi owó ránṣẹ́ sí Ọ̀bà-Ilé: ẹ wo fẹ́ǹsì yẹn ná

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kọ̀wé láti Kánádà, tẹ́ ẹ ní àwọn ará àdúgbò ti dá iṣẹ́ ilé yín dúró ní Ọ̀bà-Ilé lẹ́bàá Àkúrẹ́, tí ẹ̀gbọ́n yín sì ní kẹ́ ẹ fi owó "àwọn ọ̀dọ́" ránṣẹ́ kí bíríkìlà lè padà sẹ́nu iṣẹ́: ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́. Ibo ni fẹ́ǹsì yín gbà kọjá?

Ọ̀rọ̀ fẹ́ǹsì yìí lojú mi rí nígbà tí èmi náà ń kọ́lé lọ́nà Ọ̀dà, ní Àkúrẹ́. Mo ti san owó ìpìlẹ̀, rìsíìtì wà, olórí ẹbí àti àwọn àgbà ẹbí ti fọwọ́ sí ìwé. (Ẹni tí olórí ẹbí kò bá fọwọ́ sí tiẹ̀, kó tètè wá a lọ o.) Ọmọ bàbá mi tó ń bá mi bójú tó iṣẹ́ ní kí a yára mọ fẹ́ǹsì kí wọ́n má baà já ilẹ̀ gbà. Ó mọ ọ́n lóòótọ́, gíga bíi ti ọgbà ẹ̀wọ̀n. Ojú ọ̀nà tí omi òjò ń gbà lọ sódò ló mọ ọ́n dí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn ọmọ iléèwé ń gbà já sí títì. Sọ́fè, ìyẹn ìwé àwòrán ilẹ̀, kì í sọ ìyẹn fún èèyàn.

Òjò ńlá àkọ́kọ́ báyìí, omi wọ yàrá ìyá àgbà kan lẹ́yìn fẹ́ǹsì. Fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí mi, mátírẹ́ẹ̀sì wọn ló léfòó, bàtà kan wà lórí ẹ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, àwọn obìnrin jókòó sórí yanrìn wa, típà ò ríbi já ẹrù. Ta ni yóò bá wọn wí?

Ọmọ bàbá mi ní owó ni wọ́n ń wá. Ó ń gba owó ọ̀dọ́ lọ́wọ́ mi, àwọn ọ̀dọ́ ń jẹ ẹ́, iṣẹ́ ò kúrò lójú kan, nítorí kì í ṣe ilé ọ̀dọ́ lomi wọ̀. Ìjọba náà tún wá fi ọ̀dà pupa kọ ọ́ sára fẹ́ǹsì pé kí a dáwọ́ dúró. A lọ bẹ̀bẹ̀: ọ̀gá ò sí lórí síìtì, ẹ padà wá lọ́la, fáìlì ò sí níbi tó yẹ kó wà. Ọlọ́run ló yọ mí nínú ẹjọ́ yẹn.

Èmi fúnra mi ni mo wá pe alága ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù. Wọ́n gbé fóònù sáàárín ìpàdé, mo kí gbogbo wọn, mo bẹ ìyá àgbà, mo ní kí wọ́n sọ tẹnu wọn. Ẹnikẹ́ni ò dárúkọ owó. Wọ́n ní kí fẹ́ǹsì sún sẹ́yìn, kí n ri páìpù ńlá sílẹ̀ fún omi, kí n fi àyè ẹsẹ̀ sílẹ̀. A kọ ọ́ sílẹ̀, alága fọwọ́ sí i. Owó wíwó fẹ́ǹsì àti títún un mọ dùn mí o, sìmẹ́ńtì kì í ṣe omi. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn, àwọn gan-an ló ń ṣọ́ búlọ́ọ̀kù mi.

Ti C of O, ìwé àṣẹ ilẹ̀ tí ìjọba ń fúnni, ọ́fíìsì ìjọba ní Alágbàkà, Àkúrẹ́, náà ni, ẹ ó rí i gbà. Àmọ́ ẹ má rò pé ó lè pa ará àdúgbò lẹ́nu mọ́.

Ẹ ní kí ẹlòmíì, kì í ṣe ẹ̀gbọ́n yín, rìn yí fẹ́ǹsì náà ká nígbà tí òjò bá ń rọ̀, kó ya fídíò ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ gba nọ́ńbà alága lánlọ́ọ̀dù, kẹ́ ẹ pè wọ́n fúnra yín. Ìrọ̀lẹ́ Nàìjíríà ni kẹ́ ẹ pè o, ẹ má lọ jí àgbà lójú oorun torí aago Kánádà.