Ẹ ka orí àti oòrùn kí ẹ tó ka AC

Ẹ kú làálàá ilé kíkọ́ o. Bí ọ̀rọ̀ yín ṣe yé mi nìyí: ilẹ̀ wà ní Òṣogbo, pẹ̀tẹ́ẹ̀sì alájà kan ni, ṣọ́ọ̀bù àti gbọ̀ngàn ìdánilẹ́kọ̀ọ́ nísàlẹ̀, yàrá ẹbí lókè. Ayàwòrán ilé ṣẹ̀ṣẹ̀ fi pẹ́ńsù fa ìlà rẹ̀ ni, ẹ wá fẹ́ mọ iye AC tó máa gbà kí ẹ lè mọ owó tí ẹ máa yà sọ́tọ̀. Rewáyà yín ti ní "1.5 HP lójú yàrá kan, ó parí." Ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní Jámánì náà ní kí ẹ má gbàgbé ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ mú ti Jámánì kúrò lọ́nà. Lọ́hùn-ún, òru tó tutù jù ni wọ́n fi ń wọn ẹ̀rọ. Oòrùn ti wọ̀, ó lè má sí ẹnì kankan nílé, nítorí náà ooru tó ń gba ara ògiri, òrùlé, fèrèsé àti ihò inú ilé sá jáde ni wọ́n gbájú mọ́. Tiwa dorí kodò. Ọ̀sán ganrínganrín ni wàhálà tiwa, oòrùn àti èèyàn ló sì ń kó èyí tó pọ̀ jù níbẹ̀. Ẹni tó bá gbé ìṣirò tiwọn wá síbí á gbàgbé àwọn méjèèjì tó ń fìyà jẹ wá. Ní ti ọyẹ́, bùláńkẹ́ẹ̀tì tó o. Ẹ fi ẹ̀rọ omi gbígbóná sí balùwẹ̀, kí rewáyà fa wáyà tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ó tán.

Èmi náà gba "1.5 HP lójú yàrá kan" gbọ́ rí. Mo kọ́ gbọ̀ngàn kọ̀ǹpútà kan sí ìhà Òkè-Fìà níbí ní Òṣogbo fún àwọn ọmọ tó ń múra ìdánwò àtiwọ yunifásítì: mítà 12 ní gígùn, mítà 9 ní ìbú, àga 50. Mo wò ó pé ó tó yàrá mẹ́rin, mo bá ra 1.5 HP mẹ́rin. Láàárọ̀ ọjọ́ tí a ṣí i, ó tutù débi pé ọmọ kan ní ká jọ̀ọ́ dín in kù. Inú mi dùn, mo ń yan kiri.

Oṣù Kejì ni. Nígbà tó fi máa di aago mẹ́ta ààbọ̀, oòrùn ti rọ̀ sí ọ̀nà Ìwó. Gíláàsì ni mo tò láti ìgun dé ìgun sí ògiri ìwọ̀-oòrùn, torí mo fẹ́ kí àwọn tó ń kọjá lójú títì rí kọ̀ǹpútà mi. Oòrùn gba ibẹ̀ wọlé, ó jókòó lé ìlà kẹta. Àwọn ọmọ ìlà yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ti àga sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, wọ́n ń tẹ̀ lé ibòji bí ewúrẹ́. Ọmọbìnrin kan fi ìwé bo orí, ó ń fi ọwọ́ kan tẹ kọ̀ǹpútà, òógùn ń kán tó tó tó sórí bọ́tìnnì. Kọ̀ǹpútà méjì kú fúnra wọn. Mo gun àga, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ lé síílìn: bí ìgbà téèyàn gbọ́wọ́ lé ìdérí ìkòkò tó wà lórí iná ni. Bẹ́ẹ̀ AC mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń ṣiṣẹ́, afẹ́fẹ́ tútù ń jáde lẹ́nu wọn, wọn ò sì sinmi ìṣẹ́jú kan. Ẹ̀rọ ò bàjẹ́. Iṣẹ́ ló ju agbára wọn lọ.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, bàbá ẹ́njíníà kan tó ti fẹ̀yìn tì jókòó tì mí, ó fa páálí AC kan ya, ó sì ń kọ ìṣirò sẹ́yìn rẹ̀. Ó ní kí n jáwọ́ nínú kíka yàrá, kí n ka ohun tó ń kó ooru wọlé. Ẹni tó jókòó jẹ́ẹ́ ń mú ooru tó bí 115 wáàtì jáde lára, àti èémí àti òógùn. Èèyàn 50 jẹ́ 5,750. Gbogbo iná tí kọ̀ǹpútà bá jẹ ló ń padà di ooru nínú yàrá. 50 lọ́nà 100 wáàtì, 5,000. Gíláàsì ìwọ̀-oòrùn mi jẹ́ sukúéà mítà 18, ó sì ṣírò bí 470 wáàtì lé mítà kọ̀ọ̀kan nírọ̀lẹ́: bí 8,500. Páànù òrùlé tí kò sí fóòmù kankan lábẹ́ rẹ̀, 3,000. Afẹ́fẹ́ ìta tó ń bá àwọn ọmọ wọlé nígbàkigbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, 4,000, èyí tó pọ̀ nínú rẹ̀ ló sì jẹ́ ọ̀rinrin tí ẹ̀rọ ní láti fún jáde. Ògiri, 1,500. Gílóòbù, 500. Ó fa ìlà sábẹ́ rẹ̀: 28,250 wáàtì.

Ó wá yí páálí padà. 1.5 HP ń gbé 12,000 BTU ní wákàtí (BTU ni òṣùwọ̀n ooru tí ẹ̀rọ ń kó jáde), òun náà ni wọ́n ń pè ní tọ́ọ̀nù kan, bí 3,500 wáàtì ni. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ 14,000. Ìdajì ohun tí gbọ̀ngàn ń bèèrè ni mo rà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ síbí, torí ó ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ. HP tí wọ́n ń pariwo lọ́jà kì í ṣe òṣùwọ̀n òtútù. 1 HP sábà máa ń jẹ́ 9,000 BTU, 1.5 HP jẹ́ 12,000, 2 HP jẹ́ 18,000. Ẹ rí i pé 1.5 yẹn ò tó ìlọ́po kan ààbọ̀ 1. Kí ẹ tó sanwó, ẹ ka BTU tó wà lára ìwé kékeré tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé kí n ra mẹ́rin sí i. Bàbá yẹn ní ta ni máa gbé e? Jẹnẹrétọ̀ tí mo ní ń mí hẹlẹ-hẹlẹ tẹ́lẹ̀. 1.5 HP tí kì í ṣe inverter, ìyẹn AC tó lè dín eré ara rẹ̀ kù, ń jẹ tó bí 1,200 wáàtì iná nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, ó sì ń fa iná ju bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì ní kété tí kọ̀mpúrẹ́sọ̀ rẹ̀, ẹ́ńjìnnì inú rẹ̀, bá ta. Ó ní kí n wo páálí dáadáa: gíláàsì mi ń kó ooru wọlé ju àádọ́ta èèyàn lọ. Ẹni tó ń gbọ́n omi jáde nínú ọkọ̀ ojú omi tó ní ihò ni mí.

Bí mo ṣe na páànù jáde ní ìhà yẹn nìyẹn, tí mo sì mọ búlọ́ọ̀kù oníhò síwájú rẹ̀ bíi bàràńdà. 8,500 yẹn wá sílẹ̀ sí bí 3,000. Mo tẹ́ fóòmù sórí síílìn, 3,000 òrùlé di 1,000. Ohun tó kù jẹ́ 20,750, AC mẹ́fà sì ń gbé 21,000. Méjì péré ni mo wá rà kún un dípò mẹ́rin. Àmọ́ ẹ bi mí léèrè iye tí mo ná lórí àtifọ́ ògiri tó ti gbẹ, àti lórí páànù tí mo ṣí tí omi òjò àkọ́rọ̀ sì gba ibẹ̀ rọ sórí kọ̀ǹpútà mẹ́ta. Ká ní orí ìwé ni gíláàsì yẹn ṣì wà, írésà ni ì bá parí rẹ̀.

Nítorí èyí ni inú mi ṣe dùn pé pẹ́ńsù ni tiyín ṣì wà. Iye AC kọ́ ni mo fẹ́ kí ẹ fi ìṣirò àkọ́kọ́ yìí wá. Ibi tí ooru ti ń wọlé ni kí ẹ fi wá, nígbà tí ògiri ṣì lè sún. Bí iye tí ẹ bá rí bá fi ìdá kan nínú márùn-ún yàtọ̀ sí ti ẹ́njíníà tó máa ṣe é kúnná lẹ́yìn, kò burú. Ẹ máa sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ náà: "ó wà láàárín mẹ́jọ sí mẹ́wàá", ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi "mẹ́sàn-án" dè yín mọ́lẹ̀.

Ẹ kọ́kọ́ bi ayàwòrán ibi tí ojú ilé kọ sí. Níbí, oòrùn ọ̀sán fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró gbọnrangandan lórí wa. Láti bí àárín oṣù Kẹrin sí òpin oṣù Kẹjọ, ó máa ń fì díẹ̀ sí àríwá, àwọn oṣù tó kù ó ń fì sí gúúsù. Nítorí náà, òrùlé tó bá yọ jáde díẹ̀ ti bo fèrèsé àríwá àti gúúsù. Ti ìlà-oòrùn àti ìwọ̀-oòrùn ni ò gbọ́ ẹ̀bẹ̀, torí oòrùn àárọ̀ àti tìrọ̀lẹ́ rẹlẹ̀, abẹ́ òrùlé ló ń gbà wọlé. Bí ilẹ̀ bá gbà á, ẹ jẹ́ kí àtẹ̀gùn, ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àti yàrá ìkẹ́rùsí gba ìhà ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ kó ìbùsùn kúrò níbẹ̀. Ògiri búlọ́ọ̀kù kì í jẹ́ kí ooru tètè kọjá. Èyí tó gbà nírọ̀lẹ́ ló ń dá padà fún yín ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, nígbà tí ẹ bá fẹ́ sùn.

Yàrá òkè àti ti ìsàlẹ̀ kò dọ́gba o, bí wọ́n tilẹ̀ gùn bákan náà. Dẹ́kìn ló wà lórí ti ìsàlẹ̀, páànù tó ń yan lóòrùn ló wà lórí ti òkè. Yàrá ibùsùn tó tó sukúéà mítà 12, tó ní ibòji tí fóòmù sì wà lórí síílìn rẹ̀, 1 HP tó o. Èyí tó wà ní igun ìwọ̀-oòrùn lábẹ́ páànù lásán, 1.5 lè máa làágùn níbẹ̀. Ní ti ṣọ́ọ̀bù, bí ilẹ̀kùn á bá máa ṣí sílẹ̀ fún oníbàárà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ẹ fi fáànù sí i. Títì lẹ máa mú tutù bí ẹ bá gbé AC síbẹ̀.

Bí ẹ bá ti rí iye yàrá kọ̀ọ̀kan, ẹ má kàn ro gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ẹ fi ra jẹnẹrétọ̀. Yàrá ìlà-oòrùn ń gbóná jù láàárọ̀, ti ìwọ̀-oòrùn nírọ̀lẹ́, gbọ̀ngàn ń kún lọ́sàn-án, ẹbí ń sùn lóru. Wákàtí tí ẹ̀rọ tó pọ̀ jù máa pàdé ni kí ẹ ṣírò.

Àmọ́ kí ọ̀rọ̀ mi má lọ tì yín sí àpọ̀jù. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé Ògo-Olúwa gbọ́ ìtàn gbọ̀ngàn mi, ó ní ìyà yẹn ò ní jẹ òun, ó bá ra 2 HP sí yàrá tí ò ju mítà 3 sí mítà 3 ààbọ̀ lọ. Láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún yàrá ti tutù nini, ẹ̀rọ kú. Ó tún ta, ó tún kú. Bẹ́ẹ̀, ìgbà tí ẹ̀rọ bá ń ṣiṣẹ́ lọ láìdúró ló ń rí àyè fún ọ̀rinrin jáde. Bí ó bá kú kíá, omi tó ti rọ̀ mọ́ irin inú rẹ̀ á tún fẹ́ padà sínú yàrá. Nígbà òjò, bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ tutù bí aṣọ tí kò gbẹ délẹ̀. Bàtà aláwọ tó fi lọ sí ìgbéyàwó hu ewú funfun nísàlẹ̀ kọ́bọ́ọ̀dù. Ó ní ọ̀tá ló ń ṣe é. Mo ní 2 HP ni, ẹ̀gbọ́n mi. Èyí tó jẹ́ inverter ì bá rọra dín eré kù, ṣùgbọ́n òun náà ní ibi tí kò lè rẹlẹ̀ kọjá.

Ẹ yà àyè fún àpótí AC tó máa ń wà níta sórí ìwé báyìí. Èmi ò yà á. Mo há mẹ́rin mọ́ ọ̀nà tóóró ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta láàárín ògiri àti fẹ́ǹsì, wọ́n ń fẹ́ ooru sí ara wọn lẹ́nu, ọ̀kan ń fa èyí tí èkejì pọ̀ jáde, kọ̀mpúrẹ́sọ̀ ń kú lọ́sàn-án. Nígbà tó yá, orí òrùlé bàràńdà ni mo gbé wọn lọ. Páìpù tó ń gbé omi AC jáde náà, ẹ jẹ́ kí ó dà gẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Tèmi tẹ̀ láàárín, omi ń kán sára ògiri tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn, ó sì fi ewédò ya máàpù sí i.

Ẹ fi ìhà tí títì wà sí ilẹ̀ yín ránṣẹ́ sí mi, iye àga tí ẹ fẹ́ kó sí gbọ̀ngàn, àti bóyá gíláàsì ni ayàwòrán fi sójú rẹ̀. Mo ṣì ní páálí yẹn, ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ ò tíì ní nǹkan kan.