Kí ni “Òkun” tí wọ́n kí mi nígbà tí iṣẹ́ mi dàrú?

Ìbéèrè: Ọmọ Ìbàdàn ni mí, iṣẹ́ káfíńtà ni mò ń ṣe. Wọ́n ní kí n wá kan òrùlé ilé kan ní Kabba. Mo ti ra irinṣẹ́ tuntun, mo ti san owó yàrá, kí wọ́n tó ní àwọn ò ṣe mọ́. Nígbà tí mo sọ fún ìyá onílé mi, ó ní, “Òkun o, ọmọ mi.” Bẹ́ẹ̀, Òkun náà ló fi ń kí àwọn tó ń ti oko bọ̀. Ṣé ó ń bá mi kẹ́dùn ni, àbí ó ń kí mi kú iṣẹ́ tí mi ò ṣe?

Ìdáhùn: Òkun o, àbúrò mi. Méjèèjì ló sọ.

Ní Ìbàdàn, ẹ máa ń dárúkọ ohun tí ẹ ń kí: ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú àbọ̀, ẹ kú ìrọ́jú fún ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀, ẹ pẹ̀lẹ́ fún ẹni tó fẹsẹ̀ gbá òkúta. Lọ́dọ̀ tiwa ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Yàgbà dé Ìjùmú, láti Kabba dé Bùnú, ọ̀rọ̀ kan ló ń gbé gbogbo rẹ̀. Ohùn la fi ń mọ èyí tó jẹ́. Tí wọ́n bá sọ ọ́ kíá lójú ọ̀nà oko, kú iṣẹ́ ni. Tí wọ́n bá fà á, tí ohùn wálẹ̀, tí ẹni tó ń kí ọ sì dúró, ó ti ń bá ọ kẹ́dùn nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà mọ́ wa lẹ́nu débi pé òun ni wọ́n fi sọ gbogbo wa lórúkọ, ará Òkun, bí wọ́n ṣe pe àwọn Yorùbá tó dé Sàró (Sierra Leone) ní Àkú nítorí “ẹ kú” tí wọ́n fi ń kí ara wọn. Kò kan òkun oníyọ̀ rárá. Àwọn kan nínú wa máa ń so ó pọ̀ mọ́ okun, agbára tí èèyàn fi ń dìde.

O ní iṣẹ́ tí o ò ṣe. Ìyá yẹn ò gbà bẹ́ẹ̀. O kúrò nílé, o wọ mọ́tò, o náwó, o múra. Iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀ lójú rẹ̀ láti ọjọ́ tó o ti sọ ẹrù kalẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ìkẹ́dùn àti kú iṣẹ́ fi lè ti ẹnu kan náà jáde.

Èmi náà ti gba Òkun yẹn rí. Aṣọ ni mò ń rán. Ilé-ẹ̀kọ́ kan ní kí n rán aṣọ àwọn ọmọ wọn, mo sì fi owó ara mi ra aṣọ. Nígbà tí mo gé e dé ìdajì, wọ́n ní àwọn ti rí ẹlòmíì. Mo ti ṣọ́ọ̀bù, mo sùn. Àbúrò ìyá mi wọlé, ó ní, “Òkun o,” ó sì jókòó tì mí, kò sọ nǹkan kan mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Lẹ́yìn náà ló wá bi mí pé, “Mélòó ni o ò tíì gé?” Ìbéèrè yẹn ló gbé mi dìde. Èyí tí n kò tíì gé, oníṣòwò gbà á padà, ó yọ díẹ̀ nínú owó rẹ̀. Èyí tí mo ti gé, mo fi rán ṣòkòtò pénpé fún ọmọdé, mo gbé e lọ sọ́jà. Mi ò jèrè o, ṣùgbọ́n mi ò jẹ gbèsè.

Omi ló dànù, agbè ò fọ́. Gbogbo Yorùbá ló mọ òwe yẹn, àwọn tó ń pa á sì pọ̀ jù tí wọn kì í kọ́kọ́ kí èèyàn. Ẹni tí omi rẹ̀ ṣì ń ṣàn nílẹ̀, ẹ má tíì fi agbè hàn án. Lọ́dọ̀ wa, Òkun ló ń ṣáájú, ìjókòó ló tẹ̀ lé e, kí a tó béèrè ohun tó kù. Láyé àtijọ́, àwọn ìyá wa ní Bùnú máa ń tú kúbùsù pupa ọsíbítù, wọn á fi òwú rẹ̀ hun aṣọ pupa tí wọ́n ń lò níbi òkú àgbà àti fún eégún. Wọ́n ti mọ̀ tipẹ́ pé nǹkan tí iṣẹ́ rẹ̀ ti tán níbì kan ṣì lówó níbòmíì.

Nítorí náà, èmi náà bi ọ́: kí ló kù? Irinṣẹ́ rẹ ṣì wà. Wọ́n ò gbà á lọ́wọ́ rẹ. Yàrá tó o sanwó rẹ̀ wà ní Kabba, níbi tí ẹnikẹ́ni ò tíì mọ ọwọ́ rẹ. Tí owó èso kajú (cashew) bá sì ń wọlé, láàárín oṣù kejì sí oṣù karùn-ún, ọ̀pọ̀ ló ń fẹ́ parí òrùlé kí òjò tó rọ̀ dáadáa. Lọ kí ìyá onílé rẹ padà lálẹ́ òní, kó o dọ̀bálẹ̀, kó o sì bi í léèrè ilé ta ni òrùlé rẹ̀ ń jò. Àwọn ìyá àdúgbò mọ̀.