Òkè bí ebè iṣu, ilẹ̀ tí kò ní títì

Ìbéèrè: Bàbá wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Nígbà tí mo pé ọmọ àádọ́ta ọdún, ọkọ mi ra máàpù Kent àtijọ́ kan fún mi, torí pé Gillingham níbí, ní káúńtì Kent nílẹ̀ England, la bí àwọn ọmọ wa sí. Orúkọ John Speed wà lára rẹ̀. Mo wò ó títí, kò yé mi. Nǹkan kéékèèké bí ebè kún inú rẹ̀, àwọn ọgbà róbótó kan wà káàkiri, bẹ́ẹ̀ n kò rí títì kan ṣoṣo. Ọ̀rọ̀ tún kún ẹ̀yìn rẹ̀ bí ẹni pé ìwé àlòkù ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́. Àbí ayédèrú ni wọ́n tà fún ọkọ mi? — Ìyá Ìbejì, Gillingham

Ìdáhùn: Ìyá Ìbejì, ẹ kú oríire ọjọ́ ìbí. Ẹ má tíì bá bàálé yín wí. Gbogbo ohun tí ẹ kà sílẹ̀ yẹn ni máàpù Speed, ayamáàpù ilẹ̀ England, máa ń ní, ọ̀rọ̀ tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ló sì mú inú mi dùn jù. Inú ìwé máàpù ńlá ni wọ́n ti yọ ọ́, ìwé tí Speed gbé jáde láàárín 1611 sí 1612. Ìtàn káúńtì náà ni wọ́n máa ń tẹ̀ sí ẹ̀yìn máàpù. Tí ẹ bá fẹ́ kà á, ẹ rántí pé s wọn gùn bíi f. Ẹ̀yìn ọ̀pọ̀ ẹ̀dà òde òní funfun báláú ni.

Ebè tí ẹ rí yẹn, òkè ni. Kò sẹ́ni tó ń wọn gíga òkè sórí máàpù nígbà náà. Ẹni tó fín in sára bàbà, tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́ra bíi tàwọn afíngbá Ọ̀yọ́, á ya òkìtì kékeré, á wá fín ìlà wẹ́wẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kan kí ibẹ̀ lè ṣú, bí ẹni pé oòrùn ń ti ẹ̀gbẹ́ kejì wá. Ẹ má kà wọ́n bí ẹni ń ka ebè lóko o. Mẹ́rin tó tò tẹ̀lé ara wọn kì í ṣe òkè mẹ́rin. Ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀ ibẹ̀ ga. Bẹ́ẹ̀ náà ni igi: igi mẹ́wàá lè dúró fún igbó kìjikìji.

Àwọn ọgbà róbótó yẹn, ọgbà àgbọ̀nrín àwọn ọlọ́lá ni. Wọ́n ya igi ọgbà yí wọn ká lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó, ẹ ó rí i. Àwọn ọlọ́lá yìí gan-an ló ń ra irú ìwé bẹ́ẹ̀, wọ́n sì fẹ́ rí ilẹ̀ wọn nínú rẹ̀. Ìjọba náà nílò rẹ̀. Christopher Saxton ló kọ́kọ́ wọn ilẹ̀ England àti Wales ní káúńtì-káúńtì, tí ìwé rẹ̀ jáde ní 1579. Bí wọ́n ṣe ń tẹ máàpù kọ̀ọ̀kan ni ẹ̀dà rẹ̀ ń dé ọwọ́ Lord Burghley, olórí olùdámọ̀ràn ọbabìnrin Elizabeth Kìíní. Speed, tí iṣẹ́ télọ̀ ni wọ́n fi kọ́ ọ, mú lára iṣẹ́ Saxton àti ti John Norden. Kò bò ó: ó ní òun fi dòjé òun wọ inú ọkà ẹlòmíràn. Mo fẹ́ràn rẹ̀ fún òótọ́ yẹn. Ó fi tirẹ̀ kún un: ààlà àwọn ìpín ilẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Hundred, àti àwòrán ìlú. Ti Canterbury àti Rochester wà lára tiyín, bí ẹni dúró lórí òkè wo ìlú nísàlẹ̀.

Ẹ gbé gíláàsì yẹn lọ sí Rochester, lẹ́bàá odò Medway. Ẹ ó rí ilé wẹ́wẹ́ tó ṣù jọ, àti ṣóńṣó ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ wá àmì róbótó bíńtín láàárín wọn. Òun ni ìlú gan-an. Àwọn ilé yẹn kàn ń sọ bí ìlú ṣe tóbi sí ni. Ẹni tó bá fẹ́ wọn ọ̀nà, láti róbótó dé róbótó ni kó ti wọ̀n ọ́n.

Níbi tí afárá bá wà, ìlà kékeré méjì ló máa ń dábùú odò. Àmọ́ ọ̀nà tó gun afárá náà kò sí níbẹ̀! Títì tí àwọn ará Róòmù là láti London dé Canterbury gba Rochester kọjá, ọ̀nà A2 tí ẹ ń wà mọ́tò lórí rẹ̀ ṣì ń tọ̀ ọ́ níbi púpọ̀, síbẹ̀ Speed kò yà á, Saxton náà kò yà á. Norden ya ọ̀nà sí máàpù Middlesex tirẹ̀ ní 1593, ṣùgbọ́n ìgbà tí John Ogilby tẹ ìwé títì rẹ̀ ní 1675 ni àwọn tó ń ya káúńtì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀nà sí i dáadáa. Fún arìnrìn-àjò ayé Speed, odò àti afárá ló ṣe pàtàkì láti mọ̀. Ọ̀nà, èèyàn á béèrè lẹ́nu ará abúlé.

Ti ayédèrú wá kù. Ẹ gbé ìwé náà síwájú fèrèsé. Ìlà tín-ín-rín tó jìnnà síra tó ìbú àtàǹpàkò yẹ kó hàn nínú rẹ̀. Bí àwọ̀ ewé bá wà lójú rẹ̀, ẹ wo ẹ̀yìn: àwọ̀ ewé àtijọ́ máa ń jẹ ìwé, á pọ́n bíi tábà lẹ́yìn. Bí kò bá sí, ó lè jẹ́ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún ni, torí láìkùn ni ọ̀pọ̀ jáde nílé ìtẹ̀wé. Ẹ tún wo ìsàlẹ̀ fún orúkọ ẹni tó tà á. Sudbury àti Humble ni ti àkọ́kọ́. Bí ẹ bá rí Bassett àti Chiswell, ti 1676 ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má gbé e kọ́ ibi tí oòrùn ń ta sí. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ oníférémù bóyá gọ́ọ̀mù wà lẹ́yìn rẹ̀. Oníférémù kan ti lẹ Essex tèmi mọ́ páálí rí. Oṣù méjì gbáko ni mo fi ń rin ín, tí mo ń ṣí i ní díẹ̀díẹ̀, igun kan sì ya mọ́ mi lọ́wọ́. Títí dòní, ó ń dùn mí. Ẹ ya fọ́tò ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn tiyín ránṣẹ́ sí mi kí ẹ tó gbé e kọ́.