Sí àbúrò tó bèèrè ibi tí àrùn ewé ẹ̀gẹ́ ti wá, àti bóyá láàbù lè tọ ipasẹ̀ rẹ̀ dé oko wọn

Àbúrò, ìbéèrè mẹ́ta lo dì sínú ẹyọ kan. O ní ewé ẹ̀gẹ́ bàbá rẹ lójú ọ̀nà Ìlobùú ń ká kò, ó sì ń pọ́n lápá kan, kò pọ́n lápá kejì. Àrùn tí wọ́n ń pè ní cassava mosaic nìyẹn, fáírọ́ọ̀sì ló ń fà á. O fẹ́ mọ ibi tí fáírọ́ọ̀sì yẹn ti ṣẹ̀, bó ṣe tàn dé òkè òkun, àti bóyá láàbù lè sọ ọ̀nà tí ti oko yín gbà wọlé. N ó gbìyànjú, ṣùgbọ́n ibi tó máa ń dun èèyàn jù ni n ó pẹ́ sí.

Ti ìpilẹ̀ṣẹ̀ kò le. Àwọn Potogí ló gbé ẹ̀gẹ́ láti Brazil wá sí Áfíríkà láyé ọgọ́rùn-ún ọdún kẹrìndínlógún, ṣùgbọ́n wọn ò gbé àrùn yìí mọ́ ọn. Gúúsù Amẹ́ríkà tó jẹ́ ilé ẹ̀gẹ́ kò ní in. Inú ewéko ìgbẹ́ ilẹ̀ wa níbí ni irú fáírọ́ọ̀sì bẹ́ẹ̀ wà tẹ́lẹ̀, eṣinṣin funfun (whitefly) ló ti ibẹ̀ gbé e fún àlejò. Warburg, ọmọ Jámánì, ṣàpèjúwe àrùn náà lọ́dún 1894 ní ilẹ̀ tó di Tanzania lónìí. Lọ́dún 1936, Golding, onímọ̀ nípa kòkòrò, fi hàn ní gúúsù Nàìjíríà pé eṣinṣin funfun ló ń tàn án. Ó di 1983 kí wọ́n tó ka DNA rẹ̀ tán.

Ti Éṣíà kì í ṣe tiwa o. India àti Sri Lanka ní fáírọ́ọ̀sì tiwọn, ọmọ ìyá èyí ni àbí kí n ní ọmọ bàbá, ṣùgbọ́n ilẹ̀ tiwọn lọ́hùn-ún ló ti bọ́ sínú ẹ̀gẹ́. Ti Sri Lanka yìí ni wọ́n rí ní Cambodia lọ́dún 2015, ó dé Vietnam ní 2017, Thailand ní 2018. Eṣinṣin tí kò gùn tó mìlímítà méjì kò lè fò kọjá òkun tó wà láàárín Sri Lanka àti Cambodia. Igi ẹ̀gẹ́ tí èèyàn dì tà ló ń rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Wo Uganda ní ìdàkejì: láti ìparí àwọn ọdún 1980 sí 1989 ni èyí tó burú jù bẹ̀rẹ̀ síí jẹ oko níbẹ̀, nǹkan bíi 20 sí 30 kìlómítà ló sì ń ṣí síwájú lọ́dún kan. Ìṣísẹ̀ eṣinṣin nìyẹn. Nígbà tí àrùn bá fo orílẹ̀-èdè méjì mọ́lẹ̀, ọkọ̀ akẹ́rù ni kí o wá.

Ó yá, ká bọ́ sí oko yín. Kí o tó ná kọ́bọ̀ fún láàbù, wo ara igi. Bí ewé àkọ́kọ́ tó hù nísàlẹ̀ bá ti ní àbàwọ́n, tó sì gùn dé òkè, igi tí ẹ gbìn ló gbé e wá. Bí ti ìsàlẹ̀ bá mọ́ tónítóní, tó jẹ́ ewé òkè nìkan ló ní, eṣinṣin ló gbé e wọlé lẹ́yìn tí ẹ̀gẹ́ ti hù. Oṣù mẹ́ta sí mẹ́fà lẹ́yìn gbígbìn ni kí o ṣe é, torí bó bá pẹ́ jù, ewé ìsàlẹ̀ ti já, ẹ̀rí ti lọ. Rìn láti igun oko kan dé igun kejì, kí o tún rìn ní àgbélébùú, igi 15 ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Kọ ti ọgbọ̀n gbogbo sílẹ̀, má máa yan èyí tó bá wu ojú rẹ.

Àwọn òṣìṣẹ́ ọ̀gbìn kan wà tí wọn ò ní sọ̀kalẹ̀ lórí ọ̀kadà tí wọ́n á ti ní kí o lọ ra oògùn kòkòrò. Oògùn wo? Fáírọ́ọ̀sì tó ti wà nínú igi láti ọjọ́ gbígbìn kò gbọ́ oògùn kankan. Àwọn náà ló tún ń fi ti kòkòrò tó ń fa omi ewé pe àrùn yìí. Ti kòkòrò yẹn máa ń jẹ́ tótòtó kéékèèké, ewé orí á sì kéré. Ti fáírọ́ọ̀sì jẹ́ àbàwọ́n ńlá, ọ̀tún ewé kò ní jọ òsì, ewé á sì lọ́. Bó bá jẹ́ ìlà funfun láàárín iṣan ewé, tí apá méjèèjì dọ́gba, zinc ló kù nínú ilẹ̀.

Ewé jíjá ni iṣẹ́ ti ń bàjẹ́, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì mọ̀ títí èsì fi dé. Má já ewé gbó. Ewé tútù tó wà nítòsí orí, tó ní àbàwọ́n dáadáa, ni kí o mú. DNA fáírọ́ọ̀sì pọ̀ níbẹ̀, oje tó ń dènà PCR, ọ̀nà tí láàbù fi ń sọ DNA di púpọ̀ kí wọ́n lè rí i, kò sì pọ̀ bí ti ewé ìsàlẹ̀. Láàárín igi kan sí òmíràn, ti sísọ́ọ̀sì bọ Hypo tí o fi omi lù, nù ún gbẹ. Bí o kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, oje igi àkọ́kọ́ á wọ inú ìkejì, láàbù á wá sọ pé fáírọ́ọ̀sì méjì wà nínú gbogbo rẹ̀. Má sì ṣe, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe dì í sínú nylon! Kó tó di ìrọ̀lẹ́, ooru á ti sè é, á dúdú, á hu èébu, DNA á fọ́ sí wẹ́wẹ́, owó á sì ti lọ. Àárín ìwé ìròyìn ni kí o tẹ́ ẹ sí, kí o gbé nǹkan wúwo lé e, ní ibòòji. Pààrọ̀ ìwé yẹn láàárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ fún ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, lẹ́yìn náà lójoojúmọ́ títí ewé á fi máa dún kàrákàrá lọ́wọ́. Lásìkò òjò ní Òṣogbo, ìwé kan ṣoṣo kò lè gbẹ ẹ́ láéláé. Horo kéékèèké inú àpò tí wọ́n ń fi sínú bàtà tuntun, tí wọ́n ń pè ní silica gel, ṣiṣẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n o gbọ́dọ̀ ra èyí tó pọ̀, kó bo ewé.

Pẹ́ńsù ni kí o fi kọ orúkọ, torí báírò máa ń ṣàn. Àpò ìwé kan, igi kan. Kọ ìlú, nọ́ńbà GPS, ọjọ́, irú ẹ̀gẹ́, ibi tí àbàwọ́n ti bẹ̀rẹ̀, àti ẹni tó ta igi náà. Fi méjì mẹ́ta tí kò ní àìsàn kún un.

Ewé gbígbẹ tó fún èyí torí pé DNA ni fáírọ́ọ̀sì yìí. Èyí tó ń sọ inú ẹ̀gẹ́ di gbígbẹ aláwọ̀ ilẹ̀ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, RNA ni, ó sì burú gan-an, nítorí ewé lè dára lójú kí ẹ̀gẹ́ abẹ́ ti jẹrà. Ẹni tó bá fẹ́ kó igi ẹ̀gẹ́ gba ibodè wá torí pé ó ń so púpọ̀, bẹ̀ ẹ́ kó jókòó.

Yíyọ DNA àti PCR, láàbù mọ ìyẹn. Ohun tó yẹ kí o bá wọn fà ni pé kí wọ́n ka odidi. Òrùka méjì ni fáírọ́ọ̀sì yìí ní, DNA-A àti DNA-B, ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ nǹkan bíi lẹ́tà 2,700 sí 2,800. Àwọn kan á ka 774 péré, wọ́n á ní ó ti tó. Kò tó! Fáírọ́ọ̀sì méjì lè pàdé nínú igi kan, ní Nàìjíríà ó ti di wọ́pọ̀, wọ́n á sì pààrọ̀ ẹ̀yà ara wọn. Ti Uganda tí wọ́n tú àṣírí rẹ̀ lọ́dún 1997, àárín jíìnì tó ń ṣe ẹ̀wù tó bo fáírọ́ọ̀sì jẹ́ ti ACMV (African cassava mosaic virus), gbogbo ìyókù jẹ́ ti EACMV, ọmọ ìyá rẹ̀ ti Ìlà Oòrùn Áfíríkà. Ẹni tó bá ka àárín yẹn nìkan á pe ọmọ ní orúkọ tí kì í ṣe tirẹ̀. Nítorí náà, RCA, ọ̀nà tí wọ́n fi ń sọ odidi òrùka DNA di púpọ̀, ni kí wọ́n fi pọ̀ ọ́n, kí wọ́n ka òrùka méjèèjì, kí wọ́n kọ́kọ́ fi RDP, ètò kọ̀ǹpútà kan, wá ibi tí ìpààrọ̀ ti ṣẹlẹ̀, kó tó kan yíya igi ìdílé, ìyẹn àwòrán tó ń fi ìbátan fáírọ́ọ̀sì hàn. Ìdá 91 nínú ọgọ́rùn-ún lórí DNA-A ni ààlà: bó bá jọ ọ́ tó bẹ́ẹ̀, ẹ̀yà kan náà ni.

GenBank, ibi tí wọ́n ń kó àkọsílẹ̀ DNA sí lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, wà lófẹ̀ẹ́, BLAST tó ń wá èyí tó jọ tìrẹ níbẹ̀ náà lófẹ̀ẹ́. Ohun tó ń bí mi nínú níbẹ̀ ni àwọn ọ̀mọ̀wé tó kọ «Nigeria» lásán, láìsí ìlú, láìsí ọdún. Kí ni a fẹ́ fi irú rẹ̀ tọ ipasẹ̀ dé? Iṣẹ́ ọdún gbọọrọ, kò sì wúlò fún ẹnikẹ́ni tó bá ń wá ọ̀nà tó gbà.

Láàbù kò lè sọ oko tí tiyín ti wá. Ó lè sọ irú fáírọ́ọ̀sì àti èyí tó jọ ọ́ jù nínú àkọsílẹ̀. Ìyókù wà lọ́wọ́ bàbá rẹ: ta ló ta igi fún wọn, ibo ni onítọ̀hún ti kó o, ṣé ìdì kan náà ni wọ́n gbìn sí gbogbo oko? Lọ wo oko ẹni yẹn kí ewé ìsàlẹ̀ tó já. Kí o tó fi àpò ránṣẹ́, béèrè ohun tí láàbù máa dá padà fún ọ. Bí wọ́n bá ní ìwé «ó ní» tàbí «kò ní» nìkan ni, tí kò sí fáìlì lẹ́tà DNA níbẹ̀, gbé ewé rẹ lọ síbòmíràn.