Ojú ọ̀run mọ́, odò kún

Ẹ béèrè bóyá bébà tí a rún ti tó láti fi kọ́ ọmọ ọdún mẹ́jọ bí ilẹ̀ ṣe ń da omi sódò, àbí ó di dandan kí ẹ kó wọn dé etí odò. Mo ti ṣe méjèèjì. Ojú mi rí màbo nínú èkejì.

Ti bébà ò le: ẹ rún un, ẹ tú u díẹ̀ kó yọ òkè àti àfonífojì, ẹ fi bírò aláwọ̀ tí omi ń fọ̀ kun ṣóńṣó àwọn òkè, ẹ wọ́n omi sí i: àwọ̀ náà á bá omi ṣàn wá sí àfonífojì.

Odò ńkọ́? Ọmọ méjìlá ni mo kó lọ. Òṣìṣẹ́ ìjọba kan, onímọ̀ omi, ló ṣáájú wa. Mo bi í pé ṣé kò séwu. Ó gbójú sókè, ó ní ojú ọ̀run mọ́. Níbi tí a dúró sí, ó mọ́ lóòótọ́! Ṣùgbọ́n òjò ti ń rọ̀ lókè odò láti òru. Omi tó mọ ní kókósẹ̀ wa kọ́kọ́ pọ́n, ewé àti igi wẹ́wẹ́ ń ṣàn kọjá, mi ò fura. Kí n tó pè wọ́n, ó ti dé orúnkún, ọmọbìnrin kan ti ṣubú. Ẹ̀yìn aṣọ rẹ̀ ni mo rí gbá mú. Omi tó ń sáré, bí kò tiẹ̀ ju sẹ̀ǹtímítà 15 lọ, lè gbé àgbàlagbà ṣubú. Ọ̀gá onímọ̀ omi wa ní kò sẹ́ni tó lè mọ̀. Òun tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ gírámà wákàtí kan pé gbogbo ilẹ̀ tó ṣe gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ wá sọ́dọ̀ odò ló ń bọ́ ọ! Inú ṣì ń bí mi.

Ẹ wádìí òjò òkè odò. Bí omi bá yí àwọ̀, ẹ kó wọn jáde. Ẹ má sì jẹ́ kí wọ́n fi ọwọ́ tó kan omi odò kan ẹnu.

Ní ti bí ohun tí èèyàn ń ṣe sí ilẹ̀ ṣe ń kan odò, ẹ wá àwo mẹ́ta: koríko nínú ọ̀kan, yẹ̀pẹ̀ lásán nínú èkejì, kí ẹ fi ọ̀rá bo ẹ̀kẹta bíi kọnkéré. Ẹ gbé wọn dagẹ̀rẹ́, ẹ da ìwọ̀n omi kan náà sí wọn. Ti ọ̀rá á sáré jù, ti yẹ̀pẹ̀ á dọ̀tí jù. Ajílẹ̀ oko náà ń bá àgbàrá lọ. Ó ń mú kí ewé omi hù bo odò; ewé náà, bó bá ń jẹrà, á gba afẹ́fẹ́ mọ́ ẹja lọ́wọ́.

Ọmọ tó ṣubú yẹn ni mo fún ní bébà lọ́sẹ̀ kejì. Orí òkè nìkan ló wọ́n omi sí. Ó ní ká wá wo ìsàlẹ̀.