Èsì: Láti HND bọ́ sí máàstà ní Ifẹ̀

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ ní HND iná mànàmáná lẹ ní, Iléṣà lẹ ti ń ṣiṣẹ́, ṣé ẹ lè bọ́ sí M.Sc. tààrà ní OAU? PGD, ìyẹn díplómà tí ẹni tó ní HND ń ṣe ṣáájú máàstà, lẹ máa kọ́kọ́ ṣe o, kí máàkì yín sì dára níbẹ̀, torí òun ni wọ́n máa wò. Ẹ tètè béèrè transcript, ìyẹn àkọsílẹ̀ gbogbo máàkì yín, ní pólì yín. Ilé ìwé fúnra rẹ̀ ló ń fi í ránṣẹ́. Ìwé-ẹ̀rí àgùnbánirọ̀ náà ńkọ́?

Kíláàsì ò le tó bẹ́ẹ̀. Thesis, ìyẹn ìwé ìwádìí tí èèyàn máa kọ kó tó gba máàstà, ló ń dá èèyàn dúró. Mo mọ ẹnì kan, níbì kan tí n kò ní dárúkọ, tí ọ̀gá tó ń bójú tó ìwádìí rẹ̀ gbé ife tíì lé chapter kejì rẹ̀ lórí tábìlì fún oṣù mélòó kan. Ẹ bi àwọn tó ń ṣe é lọ́wọ́ pé ọ̀gá wo ló máa ń tètè ka iṣẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kí ẹ tó mú àkòrí.